Bí Mo Ṣe Da Omi Òkè-Àfọ̀n Nù ní Ìlú Kòṣẹ́kù

Ẹ jókòó kí ìdí yín balẹ̀, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ọ̀rọ̀ tí a bá nàró gbọ́, ẹsẹ̀ ní í bá lọ. Èyí tí a bá jókòó gbọ́ ní í bá wa délé. Ẹ̀yin ọmọ mẹ́ta tí ẹ wọ aṣọ ilé-ìwé níwájú yìí, mo rí yín. Ọ̀gá yín wá bá mi lánàá, ó ní ẹ ń lọ bá àwọn ilé-ìwé ìlú ńlá díje nínú ìṣirò, pé ìdíje náà kì í ṣe ti eré: ẹgbẹ́ tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé ló ń lọ. Ó ní kí n wá fi ìtàn ìgboyà kan kì yín láyà.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n tó lé gbogbo ọdẹ ìlú yìí gun igi. Èmi ni iwin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà pàdé ní Igbó Ẹlẹ́gùn-ún, tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ní, “Baba, ẹ kọjá.” Bí mo bá fẹ́ yangàn, oòrùn ọ̀sán yìí kò ní tó mi. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo mú wá lónìí kò ní ìgboyà nínú. Ìtàn ìtìjú mi ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, n kò sì fẹ́ kí ó bá mi wọlẹ̀.

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Òkè-Àfọ̀n kò ní omi. Kànga tí a bá gbẹ́, òkúta ní í pàdé wa nísàlẹ̀. Odò tó sún mọ́ wa jù, bí obìnrin bá gbé agbè lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó padà, ìdajì omi náà á sì ti dà sí i lára. Ní ọdún náà ni ẹyẹ kan tó funfun bí ẹfun bà sórí òrùlé ilé-ìwé wa, ó sì fi ohùn ènìyàn kéde pé ọba ìlú Kòṣẹ́kù ń pe àwọn ilé-ìwé, ti ènìyàn àti ti iwin. Mẹ́jọ tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò díje nínú ìṣirò. Ẹgbẹ́ tó bá dúró gbẹ̀yìn ni yóò gba Òkúta Ìsun. Òkúta yìí, bí a bá rì í mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ, omi á máa sun níbẹ̀ títí ayé. Ọdún méje méje ni ọba náà ń fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ìlú náà bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá pín níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pín dọ́gba. Èèwọ̀ ni kí nǹkan ṣẹ́kù. Bí ọmọ mẹ́ta bá wà nílé kan tó jẹ́ pé ẹja méjì ló wà nínú ọbẹ̀, inú odò ni wọ́n ń dá ẹja náà padà sí.

Tíṣà wa, Tíṣà Bánjókòó, mú ọmọ mẹ́ta. Ó mú mi, ó fi mí ṣe olórí, nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù, ẹnu mi sì yá. Ó mú Ìbíwùmí, ọmọ opó tó ń hun ẹní lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí ó bá ń ṣírò, a máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́. Ó sì mú Oyèníran, ọmọ tó jẹ́ pé bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lójúmọ́, ìyá rẹ̀ á ní kí ló ṣe é tó ń rojọ́. Olùkọ́ kankan kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ lọ, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ìlú ni Tíṣà ti fún wa ní síléètì mẹ́ta. Ó ní, “Akínpẹ̀lú, ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣe é kó. Kí o wo síléètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí o tó la ẹnu.” Mo ní mo ti gbọ́, sà.

A wọ igbó. Ní ọjọ́ kẹta, a bá iwin kan tó jókòó sí àárín ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀ka igi ọsàn. Ó ní kò sí ẹni tó ń kọjá láìdárúkọ òun. Ó ní, “Àwa púpọ̀ la jẹ́ ọmọ bàbá kan. Èmi ni wọ́n bí lẹ́yìn nínú wa. Síbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi márùn-ún kan wà tí wọn kò lè sọ orúkọ ara wọn láìfi tèmi kún un. Ta ni mí? Ta ni wọ́n?”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rò ó wò. Èmi kò rò ó pẹ́. Mo ní, “Ogún ni ọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ni márùndínlógún, mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún àti mọ́kàndínlógún. Ọjọ́ orí mi gan-an jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.” Iwin náà kó gbogbo ọwọ́ rẹ̀ jọ, ó pàtẹ́wọ́ fún mi, àtẹ́wọ́ náà sì mi ewé igbó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n yìn mí níta ilé bàbá mi. Ó dùn mọ́ mi jù. Bí mo bá mọ ohun tí adùn náà yóò bí, ǹ bá ti ti ìka bọ etí.

Lẹ́yìn èyí ni a dé bèbè kòtò kan tí ojú kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbohùngbohùn ló ni ibẹ̀. Ẹ̀yin ń gbọ́ ọ lórí òkè nígbà tí ẹ bá pariwo, ẹ ń rò pé ohùn yín ló ń padà. Ilé rẹ̀ ni mo dé. Okùn kan ló so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní àti ìkejì, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gun okùn náà gbọ́dọ̀ fi ohùn kan dógò. Bí a bá borí, a ó gba ohùn náà padà. Bí wọ́n bá borí wa, ti Gbohùngbohùn ni títí di ìdíje mìíràn tí a bá borí.

Ìbíwùmí wò mí, mo wo òkè. Olórí ẹgbẹ́ ni mí, ẹnu mi ni ìdáhùn yóò gbà jáde. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí kí n tó rántí òótọ́ náà. Oyèníran ló tẹ̀ síwájú. Ó ní òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí ara ilé òun yóò fi mọ̀ pé ó ti lọ. Ó na ọrùn sórí kòtò, ó sọ pé, “Mo gbà.” Kòtò náà sì dáhùn pé mo gbà, mo gbà, mo gbà. Nígbà tó tún la ẹnu, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde.

Báyìí la ṣe dé Kòṣẹ́kù. Gbọ̀ngàn ọba ní ẹnu ọ̀nà méjì. Ti iwájú ga tó igi ìrókò. Ti ẹ̀yìn kúrú débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó lè gbà á, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ tó bá pàdánù ń gbà jáde. Òfin wọn kò le: ẹgbẹ́ méjì yóò jókòó kojú ara wọn, ọba yóò bèèrè, olórí ẹgbẹ́ ni yóò dáhùn. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ti jáde. Bí ó bá ṣì í, àwọn ìkejì á dáhùn.

Wọ́n kọ́kọ́ fi wá kojú Ilé-ìwé Abẹ́ Òkìtì, àwọn ọmọ tí kò ga ju ọmọ odó lọ. Ọba ní àgbẹ̀ kan gbin iṣu sí ogún poro: ọ̀kan sí poro kìn-ín-ní, méjì sí ìkejì, mẹ́ta sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ títí ó fi gbin ogún sí ogún. Iṣu mélòó ló gbìn? Àwọn ará òkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi fi ọ̀kan ṣe aya fún ogún, mo fi méjì ṣe aya fún mọ́kàndínlógún, mo ṣe é bẹ́ẹ̀ títí mo fi ní tọkọtaya mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mọ́kànlélógún. Mo dìde, mo ní, “Igba ó lé mẹ́wàá.” Àwọn ọmọ kéékèèké náà gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Wọn kò tilẹ̀ nílò láti tẹrí ba, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Ilé-ìwé Onípàkọ́, àwọn tí ojú wọn wà lẹ́yìn orí, tó jẹ́ pé láti ibi ìdáhùn ni wọ́n ti ń rìn bọ̀ wá sí ibi ìbéèrè. Ọba ní, “Mo ní ẹran, ó ju ọ̀kan lọ. Bí mo bá so wọ́n ní méjìméjì, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ní mẹ́tamẹ́ta, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ní mẹ́rinmẹ́rin, ní márùn-únmárùn-ún, ní mẹ́fàmẹ́fà, ọ̀kan náà ló ń ṣẹ́kù. Ẹran mélòó ló kéré jù tí mo lè ní?” Bí ó ṣe ń dárúkọ èèwọ̀ náà ni àwọn ará ìlú ń di etí.

Ìbéèrè náà rú mi lójú. Mo wo síléètì mi, ó mọ́ bí ojú ọ̀run. Ìbíwùmí wo ilẹ̀ díẹ̀, ó kọ nǹkan, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọgọ́ta ni gbogbo wọn pín dọ́gba. Ẹ fi ẹyọ kan lé e.” Mo dìde, mo ní, “Ọ̀kan lé ní ọgọ́ta.” Ó bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọba kò jẹ́ kí n jókòó. Ó bèèrè pé ta ló ṣe é. Oyèníran tí kò lè sọ̀rọ̀ na ìka sí Ìbíwùmí. Àwọn ará ìlú dìde, wọ́n kí i, ìyá arúgbó kan sì wá fi òdòdó pupa há a nírun. Kò sí ẹni tó wo ibi tí mo dúró sí. Ẹni tí a ń wò ti di ẹni tó ń wòran.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí ejò tó bu ara rẹ̀ jẹ. Bí owú ṣe ń ṣe èèyàn nìyẹn.

Ó wá ku àwa àti Ilé-ìwé Ìsàlẹ̀ Odò, àwọn ọmọ mẹ́ta tí omi ń kán lórí irun wọn tí kì í gbẹ. Olórí wọn wá bọ̀ wá lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó dára fún gbogbo wa. Ọba bèèrè ìbéèrè. Ó ní, “Ọgọ́rùn-ún ilé-ìwé wá díje bí ẹ ṣe ń díje yìí. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Bí wọ́n bá tò wọ́n ní méjìméjì tí ẹyọ kan kò sì ní ẹnìkejì, ẹyọ náà á jókòó de ìpele tó kàn. Ìdíje mélòó ni wọn yóò ṣe kí ó tó ku ẹgbẹ́ kan ṣoṣo?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí méjì. Ọgọ́rùn-ún, ìdíje àádọ́ta. Àádọ́ta, ìdíje mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà méjìlá, lẹ́yìn náà mẹ́fà, mẹ́ta, ọ̀kan. Mo rò wọ́n pọ̀, ó jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Kí n tó gbé orí sókè, Ìbíwùmí ti parí tirẹ̀. Ó fi síléètì hàn mí: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìdíje kan, ẹgbẹ́ kan ló ń lé lọ. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló gbọ́dọ̀ lọ kí ó tó ku ẹyọ kan.” Oyèníran fọwọ́ tọ́ mi, ohun kan náà ló wà lórí síléètì tirẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mẹ́ta. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni nǹkan kan nínú mi sọ pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo rí ìyá arúgbó olódòdó náà tó ti dìde dúró, ó ń wo Ìbíwùmí. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi bo síléètì rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo dìde, mo sì sọ pé, “Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.”

Ọba wò mí pẹ́. Ó ní, “Àwọn tó jókòó tí kò ní ẹnìkejì ńkọ́? Ìwọ kò kà wọ́n.” Ọmọ odò náà dìde, ó ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, wọ́n sì gbé Òkúta Ìsun fún un, ọmọ tó jẹ́ pé inú omi ló ń gbé. Àwa tẹrí ba, a gba ẹ̀yìn jáde. Ìbíwùmí ṣáájú.

Ní bèbè kòtò, Oyèníran dúró, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí oúnjẹ. Gbohùngbohùn kò dá a lóhùn. A kọjá.

Èmi kò gbèrò irọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, tàbí kí ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹni tó ti purọ́ rí kò lè bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ sí Òkè-Àfọ̀n, gbogbo ìlú ló tò sí ojú ọ̀nà, obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé agbè òfìfo dání. Baálẹ̀ bi mí pé, “Akínpẹ̀lú, òkúta dà?” Mo rí ojú bàbá mi láàárín wọn. Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀. Mo ní, “Ìbíwùmí ló ṣe ìṣirò ìkẹyìn. Èmi kàn jẹ́ ẹnu ẹgbẹ́ ni.”

Ìbíwùmí yí ojú sí mi. Ó dúró, ó ń retí pé mo ṣì ní ọ̀rọ̀ tó kù láti sọ. N kò sọ ọ́. Nígbà tí òun wá la ẹnu tó sọ bí ó ṣe rí, wọ́n ní ẹni tó da omi nù tún fẹ́ fọ́ agbè mọ́ olórí rẹ̀ lórí. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ pé kó dákẹ́, kó má fi irọ́ kún un.

Oyèníran kọ ọ́ sórí síléètì, ó gbé e lọ fún Tíṣà Bánjókòó. Tíṣà pè mí sí abẹ́ igi, ó ní, “Ṣé bó ṣe kọ ọ́ yìí ló rí?” Mo ní, “Rárá, sà. Gbogbo ilé-ìwé ló mọ̀ pé Oyèníran fẹ́ràn Ìbíwùmí.” Tíṣà wo síléètì náà, ó wò mí, ó sì fi aṣọ nù ún. Irọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ló ti jáde lẹ́nu mi. Èkejì yìí, mo rò ó kí n tó pa á.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ní ọ̀sán gangan, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa, mo ń jẹ ẹ̀bà. Ìyá Ìbíwùmí wọlé. Ó ti ń ti ilé dé ilé láti òwúrọ̀, ó ń bẹ ìlú. Obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ lẹ́ẹ̀mejì kúnlẹ̀ síwájú mi, eruku ọ̀nà wà lórí eékún rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, “Akínpẹ̀lú, ìwọ tó jìyà jù ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Bá mi dárí ji ọmọ mi. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.”

Òkèlè wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Ẹ dìde, mà. Ó ti tán.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ. Mo parí oúnjẹ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo jẹ ẹ́ tán.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ohun tí àwọn bàbá wa ń wí nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀sín tèmi, ẹlòmíràn ló ń rù ú. Bí Ìbíwùmí bá kọjá, àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti odò á ní, “Ẹ kí ẹni tó da omi nù.” Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹní. Èmi a máa rí i, òun a máa kí mi, a máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n bí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ó bá bú mi, ǹ bá sùn. Ní ọdún karùn-ún, ìyá rẹ̀ kú. Mo wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè rẹ̀.

Ní ọdún keje, ẹyẹ funfun náà tún dé. Ìlú ní àwọn kò ní í rán ọmọ kankan lọ mọ́. Ìbíwùmí wá bá mi níbi tí mo ti ń la igi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi àti Oyèníran ń lọ. Ó ku ẹnì kan, ẹ sì mọ ọ̀nà.”

Mo ní àwa kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé mọ́. Ó ní òfin Kòṣẹ́kù kò ka ọjọ́ orí. Mo bèèrè ohun tí yóò bá ìlú sọ nípa mi. Ó ní, “Omi ni mo ń wá lọ. Èmi kò wá nǹkan mìíràn lọ́wọ́ yín.” Mo sọ àáké sílẹ̀.

Nígbà tí a dé bèbè kòtò, a gbọ́ ohùn kan tó ń sọ nísàlẹ̀ pé mo gbà, mo gbà. Ohùn Oyèníran ni, ohùn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò gbó rárá. Oyèníran tó ti ní irùngbọ̀n jókòó sórí òkúta, ó sunkún. Gbohùngbohùn tún bèèrè ohùn mìíràn fún ìdógò. Kò sí ẹni tó wò mí. Mo na ọrùn síta, mo ní kó gba tèmi.

Inú gbọ̀ngàn kan náà ni mo tún jókòó sí, láìní ohùn. Ìbíwùmí ni olórí. Kí ó tó dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó wo síléètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: tirẹ̀, ti Oyèníran, tèmi. Kí ó lè wo tèmi, mo tì í sọ́dọ̀ rẹ̀; nígbà tó yá, kò tilẹ̀ dúró kí n tì í kí ó tó fa ọrùn wò ó. Ìdíje méjì kọjá. Ní ìkẹta, èyí tó kẹ́yìn, ìdáhùn rẹ̀ àti ti Oyèníran dọ́gba, tèmi yàtọ̀. Ó wo tèmi pẹ́. Ó wo ilẹ̀. Ó pa tirẹ̀ rẹ́, ó dìde, ó sì sọ ohun tí mo kọ. Ó bọ́ sí i. Ọba bèèrè pé ta ló ṣe é, Ìbíwùmí sì na ìka sí mi. Wọ́n wá fi òdòdó pupa há mi nírun níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé erin tó kú rí, ẹ kò gbé nǹkan tó wúwo tó òdòdó yẹn.

Nígbà tí a ń bọ̀, Gbohùngbohùn dá ohùn méjèèjì padà. Tèmi wọlé, n kò lò ó. Oyèníran fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Ohùn ọmọdé ló jáde láti ẹnu àgbàlagbà náà, ó ní, “Òùngbẹ ń gbẹ mí.” Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi ń rò ó pé ẹni tó mọ òótọ́ ti ní ẹnu báyìí. Láti ibẹ̀ dé ilé, ní ọjọ́ mẹ́rin, mo ń retí kó sọ ọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìbíwùmí náà kò sọ ọ́. Ó wá yé mi pé wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

A ri òkúta náà mọ́ ẹsẹ̀ òkè. Ilẹ̀ gbọ̀n, ó tutù, omi sì yọ. Àwọn ènìyàn gbé mi sókè. Wọ́n ní Akínpẹ̀lú ti tún ohun tí ọmọbìnrin yìí bà jẹ́ ṣe. Wọ́n ń kọrin orúkọ mi. Mo ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀. Mo ní, “Èmi ni mo da omi náà nù ní ọdún méje sẹ́yìn. Ìbíwùmí sọ ìdáhùn fún mi, mo fọwọ́ bò ó, mo sọ tèmi. Mo purọ́ mọ́ ọn, mo tún purọ́ mọ́ Oyèníran.”

Orin náà dúró lẹ́nu wọn. Bàbá mi yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ sílé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí òjò ọdún náà fi dáwọ́ dúró. Obìnrin kan tó ti máa ń kí Ìbíwùmí ní kíkí burúkú yẹn gbé agbè rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ìborùn bo ojú. Kò sí ẹni tó lù mí. Ǹ bá fẹ́ràn kí wọ́n lù mí.

Ìbíwùmí pọn omi kún ìgò kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀lé mi.” Ẹ̀yìn ilé wọn ló mú mi lọ, níbi tí a sin ìyá rẹ̀ sí. Ó ní kí n sọ ọ́ níbẹ̀ náà, bí mo ṣe sọ ọ́ lójú ìlú.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ pé ọmọ rẹ̀ kò purọ́ rí. Mo sọ pé mo gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tí n kò ní ẹ̀tọ́ sí, pé mo sì jẹ oúnjẹ mi tán. Ewéko orí sàréè náà kò mì. Mo gbé orí sókè.

Mo ní, “Ìbíwùmí, ṣé o gbọ́?”

Ó da omi ìgò náà sórí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Èmi gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ìyá mi ni kò gbọ́.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbé ìbọn, mo wọ igbó. Ẹ̀yin ń pè é ní ìgboyà láti ìgbà náà. Ó tán lẹ́nu mi báyìí. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ dìde, kí àwọn ọmọ lọ múra.